Kí Ẹ Tó Sanwó Òrùlé, Ẹ Mọ Orúkọ Nǹkan

Iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Bí onílé bá gba ìwé owó lọ́wọ́ wa, iye tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ àwọn nǹkan tó wà lókè ìwé náà ná.

Wọ́ọ̀lì pléètì ni igi tó nà lórí ògiri. Òun la kan ráfítà mọ́, ìyẹn igi tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gòkè lọ sí góńgó. Pọ́líìnì dábùú lórí ráfítà, òun ni páànù ń jókòó lé. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán kun àwọn igi náà. Bí páànù bá ti bò ó tán, ta ló fẹ́ gòkè lọ wò ó?

Géèjì ni kẹ́ ẹ dúró lé lórí. Bí páànù ṣe nípọn tó ló ń sọ: 0.55 mílímítà nípọn ju 0.45 lọ, owó rẹ̀ sì ga jù. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n lè ní, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi maikiromítà wọ̀n ọ́n níwájú yín kí wọ́n tó dì í sínú ọkọ̀.

Ríìjì káàpù ló bo góńgó. Fáṣíà ni ti etí òrùlé, ẹwà ló pọ̀ níbẹ̀. Fálè ni kẹ́ ẹ ṣọ́ dáadáa: ibi tí apá òrùlé méjì ti pàdé, tí omi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń rọ́ gbà. Bí àjà yín bá ń yọ àbàwọ́n, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà rọ́bà abẹ́ orí ìṣó.