Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Àyẹ̀wò Àrùn Lyme tí Ó Ti Pẹ́ Lára

Ẹni tí ó ń gbé ní Maryland tàbí New Jersey, tí orúnkún rẹ̀ ti ń wú láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí dókítà sì ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò àrùn Lyme, gbọ́dọ̀ mọ ohun kan kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà máa ń ṣe kì í wá Borrelia burgdorferi, kòkòrò tí ń fa àrùn Lyme, tí eégbọn ń gbé wọ ara ènìyàn. Àwọn èròjà tí ara ń pèsè láti bá kòkòrò náà jà ni ó ń wá. Àìmọ èyí ni ó ń fa ọ̀pọ̀ àṣìṣe.

Oríṣi èròjà méjì ni wọ́n ń wò. IgM ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde, IgG a sì tẹ̀lé e láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí àìsàn yín bá ti ju oṣù kan lọ, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni torí IgM nìkan sọ fún yín pé Lyme ni, nítorí pé àìsàn mìíràn lè mú kí IgM hàn. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí ní ìlú Dearborn ní 1994, tí CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń gbógun ti àrùn, sì ń tẹ̀ lé, ni pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́, IgG ni kí a gbára lé, ó sì gbọ́dọ̀ fi ìlà 5 ó kéré tán hàn nínú 10 lórí Western blot, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń fi àwọn èròjà náà hàn bí ìlà. Ẹni tí Lyme ti wọ oríkèé rẹ̀, tí ó sì ti pẹ́ níbẹ̀, IgG rẹ̀ kì í sábà fara pamọ́. Bí kò bá hàn, kí dókítà wá ohun mìíràn tí ń da orúnkún náà láàmú, dípò kí ẹ máa ṣe àyẹ̀wò kan náà láti ilé àyẹ̀wò kan dé òmíràn títí ẹ ó fi rí ẹni tí yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bákan náà, ẹ má ṣe fo ìpele àkọ́kọ́. ELISA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń wá àwọn èròjà náà lápapọ̀, ni ó yẹ kó ṣíwájú, àyẹ̀wò kejì bíi Western blot a sì tẹ̀lé e bí ELISA bá rí nǹkan tàbí bí kò bá dá a lójú. Láti 2019 ni FDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń fọwọ́ sí oògùn àti àyẹ̀wò, ti fọwọ́ sí i pé ELISA mìíràn lè rọ́pò Western blot.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni ti àwa aláwọ̀ dúdú. Àmì roboto tí ń fẹ̀ sí i níbi tí eégbọn ti jẹni kì í sábà pọ́n lára wa bí ó ṣe ń pọ́n nínú àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn oníṣègùn. Ó lè dúdú, tàbí kí ó dà bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sábẹ́ awọ. Nítorí náà ni àrùn náà ṣe máa ń wọ oríkèé tàbí iṣan ìmọ̀lára ọ̀pọ̀ nínú wa ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dá a mọ̀. Ẹ má ṣe dúró dé pupa. Bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá yọ, ẹ lọ gba ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀ láìretí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí kì í sábà rí nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ má ṣe náwó sórí àyẹ̀wò ìtọ̀ tàbí ti CD57 (tí ń ka irú sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀) tí àwọn kan ń tà fún Lyme, nítorí pé kò sí ẹ̀rí tó fìdí wọn múlẹ̀. Ewu wọn kò mọ sí owó nìkan. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí àwọn kan máa gba oògùn apakòkòrò sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí kòkòrò mìíràn sì ń gba ojú abẹ́rẹ́ náà wọlé. Àwọn kan ti kú bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Klempner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2001 fi hàn pé 90 ọjọ́ oògùn apakòkòrò, 30 ọjọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti 60 ọjọ́ láti ẹnu, kò ṣe ju oògùn òfìfo, èyí tí kò ní èròjà ìwòsàn nínú, lọ fún àwọn tí ara wọn kò tíì yá lẹ́yìn ìtọ́jú. Òótọ́ ni ìrora àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì yẹ kí a tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́nà yẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lo oògùn tán, ẹ má ṣe fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wò ó bóyá ara ti yá, torí pé IgG lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá sì jẹ́ ní Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni eégbọn ti jẹ yín, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó kọ àyẹ̀wò, nítorí pé Borrelia afzelii àti garinii, ìbátan kòkòrò Lyme ti Amẹ́ríkà, wọ́pọ̀ níbẹ̀, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ti Amẹ́ríkà nìkan sì lè fo wọ́n.