Bírákẹ́ẹ̀tì lásán ni mo sanwó àtúntẹ̀ fún: ìrírí mi lórí Pterostichus melanarius

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Pátákó kan ṣoṣo ni o, tá a fẹ́ gbé sẹ́nu ọ̀nà allotment wa (àwọn oko kéékèèké tá a háyà) níbí ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káwọn ọmọ tó ń wá wo oko lè mọ kòkòrò dúdú tó ń bá wa jẹ àwọn slug (ìgbín tí kò níkarahun) tó ń run lẹ́tùẹ́sì wa lóru. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́: orúkọ ẹ̀, ẹbí ẹ̀, ibi tó ń gbé láyé. Owó tó yẹ kó bùṣe níbi títẹ̀ kan, mo tún san òmíràn lé e, torí ẹnì kan rò pé òun mọ̀ ju ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Mímú kòkòrò náà ò le, ẹ ṣáà ri kọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀ kí ẹnu ẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, tílẹ̀ bá mọ́ ẹ máa bá a níbẹ̀.

Mo kọ orúkọ ẹ̀ bó ṣe yẹ: Pterostichus melanarius, kí Illiger, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, àti 1798, ọdún tó sọ ọ́, wá wà nínú bírákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ yọ bírákẹ́ẹ̀tì yẹn dànù láìbi mí, ó ní kò wúlò. Ó wúlò o! Nígbà tí Illiger, ará Jámánì, kọ̀wé nípa àwọn kòkòrò ilẹ̀ Prussia ní 1798, Carabus melanarius ló pè é, torí inú Carabus ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ irú wọn sí nígbà yẹn. Ọdún 1810 ni Bonelli, ará Ítálì, tó gbé orúkọ Pterostichus jáde fún agbo mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n wá kó o lọ. Bírákẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń sọ fún ẹni tó bá kà á pé kòkòrò yìí ti kúrò nínú agbo tí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ fi í sí. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, irọ́ lẹ pa mọ́ Illiger, torí ó ku ọdún 12 kí Pterostichus tó délé ayé.

Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n fi ímeèlì ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní ẹni tọ́rọ̀ kàn lọ họ́lídè. Nígbà tó dé, kò tiẹ̀ dárúkọ bírákẹ́ẹ̀tì, ó ní òun rí ìwé àtijọ́ kan tó pè é ní Pterostichus vulgaris, pé orúkọ tí mo kọ gan-an ni kò dáa! Ẹ gbà mí. Òótọ́ ni pé àwọn ìwé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo vulgaris, àwọn míì lo Feronia melanaria, kòkòrò kan náà ni, melanarius ló sì dúró báyìí. Mo kó ẹ̀rí síwájú ẹ̀ títí ó fi gbà, wọ́n wá ní èmi ni máa sanwó àtúntẹ̀ torí ti àkọ́kọ́ ti jáde. Ta ló yọ bírákẹ́ẹ̀tì, èmi àbí àwọn?

Ìyókù ìpín ẹ̀ ò gba àkókò: Coleoptera (àwọn bítù), ẹbí Carabidae (bítù orí ilẹ̀), àti Pterostichini, ẹ̀yà kan nínú ẹbí yẹn.

Máàpù ẹ̀ ni mo fi ń yangàn jù, ó rẹwà gan-an. Mo fi àwọ̀ ewé kun Yúróòpù títí wọ Siberia, ibẹ̀ nilé ẹ̀, mo wá fi pupa kun Kánádà àti Amẹ́ríkà torí èèyàn ló gbé e débẹ̀: 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nova Scotia, ó sì ti dé etíkun Pàsífíìkì báyìí. Lindroth, onímọ̀ kòkòrò ará Sweden, tọpa bí irú àwọn kòkòrò yìí ṣe bá iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kọjá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò ní fọwọ́ kan àmì kankan nínú orúkọ. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn (Pterostichus melanarius, Pterostichus vulgaris àti Feronia melanaria) ni kẹ́ ẹ fi wá àkọsílẹ̀ àtijọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máàpù yín á lu. Kẹ́ ẹ sì fi lẹ́ǹsì wo igun ẹ̀yìn àyà ẹ̀ dáadáa: tó bá rí roboto, Pterostichus madidus, ìbátan ẹ̀, lẹ mú, ti melanarius ní eyín kékeré kan níbẹ̀.