Ẹ sún iná, kí ẹ ka afẹ́fẹ́

Ìdánwò yìí ni a fi ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń mú kí ewéko inú omi tú ọ́síjìn jáde: a ó máa sún iná sún mọ́ ọn tàbí jìnnà sí i, a ó sì máa ka afẹ́fẹ́ tó ń yọ lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú ná. Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ kì í gbẹ́jọ́: tó bá ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, bó ti wù kí ẹ sún iná síwá sẹ́yìn tó, òfo ni. Ẹ má sì tìtorí NEPA fòyà, iná tí a ń ṣáàjì ti tó. LED tí mo rà ní Tákié lèmi ń lò. Gílóòbù àtijọ́ máa ń gbóná, á mú omi gbóná pẹ̀lú, ẹ ò sì ní mọ èwo nínú ooru àti ìmọ́lẹ̀ ló ṣiṣẹ́.

Ewéko tó ń gbé lábẹ́ omi pátápátá ni kí ẹ wá. Ojú oró àti òṣíbàtà kò ṣe é lò, torí ojú omi ni ewé wọn wà, inú afẹ́fẹ́ sì ni ọ́síjìn wọn ń bá lọ. Ceratophyllum, tí wọ́n tún ń pè ní hornwort, dáa. Ẹ gé ẹ̀ka kan tó gùn tó ìka ọwọ́, inú omi ni kí ẹ ti gé e. Ẹ so òkúta kékeré mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ojú ibi tí ẹ gé kọjú sókè.

Ẹ bu baking soda díẹ̀ sí i, bí ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì sí ìdajì lítà omi. Káún tí a fi ń se ilá kọ́ o! Baking soda yìí ló ń fún ewéko náà ní carbon dioxide.

Ẹ gbé iná sí sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìgò. Fún ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, ẹ má ka nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ẹ gé: afẹ́fẹ́ á kóra jọ níbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré, á wú, á já, á gòkè, òmíràn á tẹ̀lé e. Ẹ ka iye tó jáde ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 20 àti 40.

Ọ̀pọ̀ ọmọ SS2 máa ń rò pé bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló kù. Rárá, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ní 40, ìdá kan nínú 16 ni. Nítorí náà, 1/d² ni kí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ gíráàfù (d ni bí iná ṣe jìnnà sí ìgò tó), ẹ má kọ d. Mo máa ń gé máàkì gan-an níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń sún iná mọ́ ìgò síwájú sí i tí iye náà kò gòkè mọ́, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ló ń dá ewéko dúró mọ́; ó lè jẹ́ carbon dioxide tàbí ooru ni kò tó. Ẹ fi baking soda díẹ̀ kún un, kí ẹ tún kà á. Bí kò bá tún yí padà, ẹ gbé ìgò sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ tún kà á.