Epidaurus ò ṣe ẹyọ kan: ojú mi rí nǹkan kí n tó dé ọ̀dọ̀ Asklepios

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lọ sí Epidaurus ní Gíríìsì, kó má ṣe bíi tèmi o. Yúrò 40 ni takisí gbà lọ́wọ́ mi, owó tí mi ò múra ẹ̀ sílẹ̀ rárá, torí pé orúkọ kan náà ni ibi méjì ń jẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní London, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí ibi tí wọ́n ti ń gbé aláìsàn wá sùn láyé àtijọ́, kí òrìṣà Asklepios lè wò wọ́n sàn lójú àlá. Ti báàlù àti hòtẹ́ẹ̀lì ò le. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ ní Athens ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo ní Epidaurus ni mò ń lọ, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì já a fún mi, kò bi mí pé èwo. Ibi tá a máa já sí, etí òkun ni! Ọkọ̀ ojú omi, oko ọsàn. Palaia Epidavros nìyẹn, ìlú àtijọ́ ni lóòótọ́, wọ́n tiẹ̀ ní tíátà kékeré kan tí wọ́n fi òkúta kọ́, mo ti ń ya fọ́tò ẹ̀ lọ ràì kí ìyá ọlọ́sàn kan tó mi orí, tó na ọwọ́ sápá òkè, tó sì fi bírò kọ 15 sẹ́yìn ọwọ́ mi. Kìlómítà 15! Ọjọ́ Sọ́ńdè, bọ́ọ̀sì ò sí, wákàtí méjì gbáko ni mo fi jókòó sínú oòrùn kí takisí tó yọ. Inú bí mi gan-an.

Ṣùgbọ́n mo débẹ̀! Tíátà ńlá, ìlà ìjókòó 55, ẹ ti rí fọ́tò ẹ̀. Abaton ni mo wá wò ní tèmi, ilé gígùn olópòó tí wọ́n ń sùn sí. Nínú mùsíọ́mù, òkúta tí wọ́n gbẹ́ ìtàn àwọn tára wọn yá sí wà níbẹ̀: Ambrosia ará Athens, olójú kan, tó ń fi ìwòsàn yẹn rẹ́rìn-ín, òrìṣà ní òun á la ojú ẹ̀, àmọ́ kó mú ẹlẹ́dẹ̀ fàdákà wá, kó fi ṣe ìrántí àìmọ̀kan ẹ̀. Ojú ẹ̀ sì là. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn kú tàbí kó bímọ nínú ọgbà náà, àfìgbà tí Antoninus, sẹ́nétọ̀ ará Róòmù, kọ́lé fún àwọn tó fẹ́ kú àtàwọn tó fẹ́ bímọ ní sẹ́ńtúrì kejì lẹ́yìn ìbí Kristi. Aboyún tó ń rọbí, ẹ ní kó jáde? Mi ò lè gba ìyẹn láéláé.

Ẹ gba ìlú Nafplio lọ, ẹ kọ "Asklepieion, Lygourio" (ojúbọ Asklepios tó wà nítòsí ìlú Lygourio nìyẹn) sínú ìwé, ẹ fi hàn wọ́n kí wọ́n tó gbowó yín. Wákàtí méjì tí mo fi jókòó yẹn ni ǹ bá fi gun òkè Kynortion, níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà Apollo Maleatas kí Asklepios tó dé rárá. Ìsàlẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi ní àwọn ti fẹ́ tìlẹ̀kùn.