Egúngún Wa Di Ẹṣin: Bí Mo Ṣe Tún Module Àtijọ́ Ṣe

Ní ọdún 2005, nígbà ìsinmi gígùn nílé wa ní Ìbàdàn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti kọ̀ǹpútà bàbá wa, a fi toolset, irinṣẹ́ ìkọ́lé tó bá géèmù Neverwinter Nights wá, kọ́ ìlú kékeré kan sétí igbó. Ọdẹ kan sọnù, egúngún kan ń dẹ́rù ba ará ìlú lóru, ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré ni yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà. BioWare ló ṣe géèmù yìí, ó jáde ní 2002, ohun tó sì so wá mọ́ ọn ni pé ẹni tó bá rà á lè kọ́ ayé tirẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní module. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará ìlú wa ń sọ, àmọ́ orúkọ Yorùbá ni wọ́n ń jẹ́. Nítorí NEPA, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún la máa ń fi iṣẹ́ wa pamọ́.

Ọdún tó kọjá ni mo rí síídì tí a fi iṣẹ́ náà pamọ́ sí nínú àpótí ìwé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester. Ó ní, "Ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́?" Enhanced Edition, ẹ̀dà tuntun géèmù náà tí Beamdog gbé jáde ní 2018, wà lórí kọ̀ǹpútà mi, mo ní kí n gbìyànjú ẹ̀ wò.

Fáìlì mẹ́ta ló wà níbẹ̀: .mod (module fúnra rẹ̀), .hak (àpò ohun àfikún) àti .tlk (ọ̀rọ̀ tí géèmù ń kà). Inú fódà Neverwinter Nights tó wà nínú Documents ni wọ́n ń lọ, kálukú sí ààyè tirẹ̀: modules, hak, tlk. Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì yín kọ síbòmíràn o, torí bí toolset tuntun bá ti fi module pamọ́ lẹ́ẹ̀kan, géèmù àtijọ́ kò ní lè ṣí i mọ́.

Module náà ṣí wẹ́rẹ́. Mo rìn káàkiri ìlú, mo bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, inú mi ń dùn. Ìgbà náà ló wá wù mí kí ẹṣin wà lọ́jà. Ẹ̀dà 1.69 ti ọdún 2008 ló mú ẹṣin wọ géèmù náà, a ti ṣe tiwa tán kó tó dé. Mo gbé ẹṣin kalẹ̀, mo wọlé lọ wò ó: kò sí ẹṣin kankan.

Ó gbà mí nírọ̀lẹ́ kan kí n tó mọ ohun tó dé. Àtẹ kan wà tó ń jẹ́ appearance.2da, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti ń sọ bí ẹ̀dá kan ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi tiwa sínú hak kí egúngún tó ṣe lè ráyè. Ohun tó bá wà nínú hak ló ń borí ti géèmù fúnra rẹ̀, àtẹ 2005 wa kò sì mọ ẹṣin rí. Mo bá yọ ọ́ dànù. Ẹṣin yọ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí egúngún jáde láti inú igbó, ẹṣin lòun náà. Ìlà tó tẹ̀ lé ti ìkẹyìn la fún egúngún nígbà náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n wá kó ẹṣin sí lẹ́yìn wa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Mo fi NWN Explorer, irinṣẹ́ tó ń tú fáìlì géèmù, yọ appearance.2da tuntun jáde, mo kọ egúngún sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo sì kọ 3000 síwájú ìlà náà kó lè jìnnà sí ti géèmù. Kò ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tí a kọ síwájú ìlà kò já mọ́ nǹkan kan lójú géèmù yìí, ṣe ló ń ka ìlà láti òkè wá. Mo ní láti fi ìlà òfìfo tó kún fún ìràwọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin dí àlàfo náà títí ó fi pé 3000. Lẹ́yìn náà ni mo yí Appearance egúngún (nọ́ńbà ìlà tó ń sọ ìrísí rẹ̀) padà, àti tàwọn tí a ti gbé kalẹ̀ nínú igbó, nítorí wọn kì í bá àwòkọ́ṣe wọn yí.

Ti script, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún géèmù, kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo lo function kan tó bá Enhanced Edition dé, compiler, tó ń sọ script di ohun tí géèmù lè lò, ní UNDEFINED IDENTIFIER: kò mọ orúkọ náà. Àṣé nwscript.nss àtijọ́, fáìlì tó to orúkọ àwọn function sílẹ̀, náà wà nínú hak wa. Ta ló gbé e síbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni. Mo yọ ọ́, mo ṣe Build Module, ó parí síbẹ̀.

Orúkọ àwọn èèyàn wa ló wá kù. A kò fi àmì sí wọn ní 2005, mo sì fẹ́ tún un ṣe. Windows-1252 ni géèmù náà fi ń kọ lẹ́tà: ó mọ á, ó mọ ì, kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Ọdẹ́wálé, ọdẹ tó sọnù, di "?d??wálé". Mo wá orúkọ tí kò ní àmì ìsàlẹ̀: Ọdẹ́wálé di Àlàbí, Àṣàkẹ́ di Àdùnní. Mo fi ránṣẹ́ sí Manchester.

Ọjọ́ kejì ni ìpè wọlé. "Àlàbí wo nìyẹn? Ọdẹ́wálé ńkọ́?"

"Bọ̀dá mi, géèmù ọ̀hún ò lè kọ ọ́ dáadáa ni."

"Odewale lásán la kọ nígbà yẹn, a sì mọ ẹni tá à ń wá. Dá orúkọ rẹ̀ padà fún un."

Mo tún ṣí toolset.