Túùbù £7 tó dá mi dúró sí Chipstead

£62 ni túùbù kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí a gun kẹ̀kẹ́ láti Clapham ní London dé Brighton, máìlì 54 gbáko, láti fi wá owó fún Bọ̀dá Panápaná. Inú ń bí mi títí di òní.

Àwọn ọmọ wa ló sọ ọ́ ní Bọ̀dá Panápaná. Ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń gbé, ó sì ti pé ọdún 19 tó ti ń pa iná ní London. Jẹjẹrẹ ló ń bá a fínra báyìí. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé òrùlé tó lè já luni ni ewu iṣẹ́ yẹn, àfi ìgbà tó ṣàlàyé fún mi nípa èéfín àti ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn. Ní 2022, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, fi iṣẹ́ panápaná sí ìsọ̀rí kìíní àwọn ohun tó ń fà á, níbi tí sìgá wà. NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ń tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n NHS kì í bá èèyàn san owó ilé, ìyàwó rẹ̀ sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Kíkó èèyàn mẹ́fà jọ, gbígba owó, ìdánrawò, ìyẹn ò le. Ẹni tó bá ní WhatsApp lè ṣe é. Túùbù ni kí ẹ jẹ́ ká sọ.

Ọmọkùnrin tó ta túùbù méjì fún mi kò béèrè ju bí táyà mi ṣe tóbi tó. Kò sọ fún mi pé oríṣi méjì ni ẹnu túùbù: tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Presta, àti gbòòrò tí wọ́n ń pè ní Schrader, irú ti mọ́tò.

Chipstead ni táyà ẹ̀yìn mi ti jò. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun bí ẹfun, òkúta dúdú tó mú bí abẹ ló sì kún inú rẹ̀. Mo tú táyà fúnra mi, mo ń yangàn, mo tiẹ̀ ní kí wọ́n máa ya fọ́tò. Ìgbà tó kan kí ẹnu túùbù wọ ihò ara irin, ó kọ̀. Mo tì í, mo yí i, mo fi itọ́ sí i, kò wọlé. Túùbù àwọn márùn-ún yòókù náà, ẹnu gbòòrò ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní ká wá nǹkan fi lu ihò náà kó fẹ̀ sí i. Mo wò ó títí tó fi dákẹ́.

Takisí lọ sí Redhill, takisí padà: £32. Túùbù méjì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́: £16. £14 ti kọ́kọ́ ṣòfò. Kí n tó gùn ún dé máìlì kan, ṣìììì, ó tún jò! Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Baba arúgbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá ló dúró, ó fi àtàǹpàkò tọ inú táyà yípo, ó sì yọ òkúta kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó bi mí pé ṣé n kò wá ohun tó gún un kí n tó fi tuntun sí i ni. N kò dá a lóhùn.

Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú lọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra túùbù, ẹ yọ èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ gbé e lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Àtàǹpàkò nínú táyà náà, ẹ má gbàgbé o.

Mo gun Ditchling Beacon, òkè tó ga tó mítà 248, láì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mẹ́ta nínú wa fẹsẹ̀ rìn ín. Ìbínú ló ń tì mí gòkè. £1,870 la pa.

Nígbà tí mo ròyìn fún Bọ̀dá, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ẹ rò pé àwa máa ń gbé rọ́bà omi jáde láì wo ẹnu rẹ̀ ni?"

Ṣọ́ọ̀bù náà kọ̀ láti dá owó mi padà, wọ́n ní mo ti ṣí páálí. Túùbù méjèèjì ṣì ń rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ẹni tí ihò kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá gbòòrò ní ìhà Peckham, kó wá mú wọn. N kò gba kọ́bọ̀.