Bí mo ṣe ba orúkọ alágbẹ̀dẹ kan jẹ́, tí mo sì tún un ṣe

Pọ́n-ùn 140, owó àpò ara mi, ni mo fi tún ìwé pélébé tí mo ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ̀, nítorí ọdún kan ṣoṣo tí mo kà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Abúlé kan ní Suffolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé. Fíkà wa, àlùfáà ìjọ wa, ló ní kí n kọ ìtàn àwọn tó sùn sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Láti 1538 ni Thomas Cromwell, ìjòyè Ọba Henry Kẹjọ, ti pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀, nítorí náà ìwé wà. Ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí ni mo ti lọ kà á. Gbígba káàdì àyè ìkàwé àti wíwá orúkọ kò le rárá níbẹ̀. Ẹ ṣáà mú pẹ́ńsù lọ, wọn kì í gba báírò níbẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ kan ló dá mi dúró. Torí kí owó má pọ̀, ìlà tó kàn án nìkan ni mo ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ fún mi látinú ìwé náà, kì í ṣe odidi ojú ìwé. Ó gbéyàwó ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1724. Wọ́n ṣèrìbọmi fún àkọ́bí rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kejì 1724. Mo bá kọ ọ́ pé ìyàwó ti bímọ kó tó wọlé ọkọ. Ìwé 200 la tẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday tí a pín in, màmá kan tó jẹ́ ìran alágbẹ̀dẹ náà mú tirẹ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fìka sí ìlà yẹn. Ojú gbà mí tì.

Mo padà lọ, mo ní kí wọ́n gbé ìwé gan-an wá. Wọ́n gbé e lé tìmùtìmù, wọ́n fi okùn wúwo kan tó rí bí ejò tẹ ojú ìwé mọ́lẹ̀. Mo ń tẹ̀ lé oṣù níkọ̀ọ̀kan: oṣù kọkànlá 1724, oṣù kejìlá 1724, oṣù kìíní, 1724 síbẹ̀! Oṣù kejì, 1724. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni àlùfáà tó kọ 1725 gàdàgbà. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Ọjọ́ tí áńgẹ́lì kéde fún Màríà ni ọdún tuntun wọn nígbà náà. Ọdún 1752 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Oṣù kejì 1724 tiwọn, 1725 tiwa ni. Oṣù mẹ́sàn-án àtààbọ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni wọ́n ṣèrìbọmi fún ọmọ náà! Mo ti ba obìnrin tó ṣe dáadáa lórúkọ jẹ́.

Inú bí mi sí ẹni tó ya ìlà méjì yẹn fún mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ̀, ó sì gbowó láìlanu.

Ẹ má ra ìlà, odidi ojú ìwé ni kí ẹ rà. Bí ọjọ́ yín bá ṣáájú 1752, tó sì bọ́ sí àárín ọjọ́ kìíní oṣù kìíní àti ọjọ́ 24 oṣù kẹta, ẹ wo oṣù tó ṣáájú rẹ̀ lójú ìwé kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Àwọn àlùfáà míì máa ń kọ ọ́ ní 1724/5, ọdún tiwọn àti tiwa papọ̀. Tiwa ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé tuntun, mo to ìran alágbẹ̀dẹ náà láti orí rẹ̀ títí kan màmá yẹn, okùn ò já níbì kankan. Orí ìdúró ló ti kà á tán, ó ní kí n fún òun ní mẹ́ta sí i fáwọn ọmọ òun.